Rìsíìtì séfà ti 1980 sí 2019: iye náírà wo la máa kọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ogójì ọdún ni bàbá wa fi ra ọjà ní Kútọnu, rìsíìtì wọn ṣì wà nílẹ̀, láti 1980 dé 2019. Séfà ló wà lórí gbogbo rẹ̀. A fẹ́ kọ iye náírà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nígbà náà. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó ṣáájú ọjọ́ 12 oṣù kìíní 1994, èyí tó bọ́ sáàárín ọjọ́ náà àti ìparí 1998, àti ti 1999 síwájú. Séfà kì í dá rìn ni. Owó Faransé ni wọ́n so ó mọ́: 50 séfà ni fráǹkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó di ọjọ́ 12 yẹn tí wọ́n gé agbára séfà sí ìdajì, tó di 100. Láti 1999 tí yúrò ti dé, 655.957 séfà ni yúrò kan, kò yẹ̀ rárá.

Ti 1999 síwájú kò le. Ẹ wá iye náírà tí yúrò kan jẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi 655.957 pín in. Bí yúrò bá jẹ́ 340 náírà, séfà kan jẹ́ 0.5183 náírà, rìsíìtì 250,000 séfà sì jẹ́ bíi 129,580 náírà. Ẹni tó bá pín in sódì á rí 1.93, á wá kọ ohun tó lé ní 482,000 láìfura. CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, náà ń gbé iye séfà jáde lórí ìkànnì rẹ̀: iye ìrà, iye àárín, iye ìtà. Ti àárín ni kí ẹ mú. Bí ọjọ́ rìsíìtì bá jẹ́ Sátidé, Sọ́ńdè tàbí ọjọ́ ìsinmi, ẹ lo ti ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀.

Fún èyí tó ṣáájú 1999, dọ́là lẹ máa gbà kọjá. Ẹ mú iye fráǹkì Faransé tó wà nínú dọ́là kan, ẹ fi 50 (tàbí 100) sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi iye náírà tó wà nínú dọ́là kan pín in. Ní 1980, dọ́là kò ju nǹkan bíi 0.55 náírà lọ, fráǹkì bíi 4.2 ló sì wà nínú dọ́là kan, náírà kan ń ra séfà tó lé ní 380! Ní 1993, tí dọ́là di bíi 22 náírà, ó ti já wálẹ̀ sí bíi 13.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ rèé. Ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún 1995, ẹ ó rí bíi 23 séfà sí náírà kan, bí ẹni pé náírà ń lágbára sí i. Irọ́ ni. Ìjọba ló dá dọ́là dúró sí bíi 22 náírà lórí ìwé. Ní AFEM, ọjà owó òkèèrè tí wọ́n ṣí lọ́dún yẹn, dọ́là ti lé ní 80 náírà. Ẹni tó ra owó níbẹ̀ kò rí ju bíi séfà mẹ́fà lọ sí náírà kan. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Sẹ̀mẹ̀ ni oníṣòwò sábà máa ń ti rà á, nítorí náà ẹ má lo iye ìjọba fún 1994 sí 1998, àfi bí ìwé báńkì bá wà pẹ̀lú rìsíìtì náà.

Ìpíndọ́gba ọdún náà ní ewu tirẹ̀. Ní 1986, dọ́là ò ju náírà kan àti díẹ̀ lọ títí di oṣù kẹsàn-án, kí SFEM, ọjà owó òkèèrè tó ṣáájú AFEM, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 26 tó sì gbé e kọjá 4 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nǹkan bíi 2 ni ìpíndọ́gba ọdún yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra dọ́là ní 2. Ti oṣù ni kí ẹ wá.

Bí bàbá bá kọ iye náírà tí wọ́n fi ṣẹ́ owó sí ẹ̀yìn rìsíìtì kankan, ìyẹn ni kí ẹ gbà, ohun yòówù kí CBN kọ.