Kí ni kámẹ́rà ń rí ní ìdí èékánná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àwọn kan tí wọ́n ń ta tíì ìlera gbé ẹ̀rọ wá sí ọjà wa ní Ìbàdàn. Wọ́n kán òróró sí ìdí èékánná mi, wọ́n ti ìka náà bọ abẹ́ kámẹ́rà, mo sì rí àwọn okùn pupa wẹ́wẹ́ tí àwọn kan lọ́ mọ́ra. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi dọ̀tí, ó sì ti ki, kí n mu tíì náà fún oṣù mẹ́ta. Ó ti tó ọdún kan tí ìka mi máa ń funfun, tí ó sì ń kú, bí mo bá fọwọ́ kan omi yìnyín. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á o. Ó ti sú mi láti máa dáhùn ìbéèrè nípa ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n ojúlówó àyẹ̀wò tí àwa dókítà ń ṣe ni àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí jí lò. Ní ìdí èékánná, àwọn òpójẹ̀ tó kéré jù lọ nà gbọọrọ sábẹ́ awọ, ìdí nìyẹn tí a fi lè rí wọn níbẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, wọ́n tẹ̀ bíi píìnì irun, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó kéré tán 7 nínú mìlímítà kan. Kí ọ̀kan tàbí méjì lọ́ mọ́ra kì í ṣe àrùn. Èmi náà ní irú rẹ̀.

Bí òpójẹ̀ ṣe rí ni kámẹ́rà ń fi hàn. Kò lè rí ìdọ̀tí, ṣúgà tàbí májèlé kankan. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló sì ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ní ti kíki, bí ọwọ́ bá tutù, ẹ̀jẹ̀ á máa rìn jẹ́jẹ́ nínú ìka, nítorí náà ni a ṣe ń jẹ́ kí aláìsàn kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú yàrá tí kò tutù. Ẹni tó bá di kọ́ọ̀bù tíì gbígbóná mú títí ọwọ́ rẹ̀ fi móoru, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á yára lójú kámẹ́rà, bó tilẹ̀ jẹ́ omi gbígbóná lásán ló wà nínú kọ́ọ̀bù náà.

Ohun tí àwa ń wá ni òpójẹ̀ tó wú títí ó fi fẹ̀ tó ìdá kan nínú ìdá 20 mìlímítà kan, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ jáde bí àmì dúdú, àti ibi tí òpójẹ̀ ti pa rẹ́. A máa ń rí wọn nínú scleroderma, àrùn tó ń mú kí awọ ara le gan-an, àti nínú dermatomyositis, tó ń sọ iṣan di aláìlágbára. Síbẹ̀, nínú ìlànà ọdún 2013 tí a fi ń ka ẹnì kan mọ́ àwọn tó ní scleroderma, máàkì 2 péré ni ìdí èékánná ní, 9 ni a sì ń wá.

N kò tíì rí ìka yín, n kò sì lè sọ pé àrùn kan ni. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ Raynaud, ìyẹn kí òpójẹ̀ ìka máa fún pọ̀ bí òtútù bá mú un, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní láìsí àrùn mìíràn lára wọn. Ṣùgbọ́n bí ìka bá ń wú, tí awọ rẹ̀ ń fún, tàbí tí èémí yín ń kúrú, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì. Dókítà rheumatology, ìyẹn dókítà àrùn oríkèé ara àti irú àwọn àrùn tí mo dárúkọ yìí, ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe dókítà eegun, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní ANA, èyí tó ń wá àmì pé àwọn ọmọ ogun ara ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò kí ẹ tó lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé awọ ìdí rẹ̀. Bí orí ìka bá dúdú tàbí tó di egbò, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.