Epo pupa ò lè ṣí ohun tí olómi-òjò bá tì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè bóyá ife epo pupa kan tó fún ọmọ tó jẹ èso olómi-òjò, ẹ gbọ́ tèmi. Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ló ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi, ọmọ ọdún 4. Ẹ mọ igi náà, òdòdó rẹ̀ rí bí àwọ̀ ìyeyè, òun la fi ṣe ọgbà yíká ilé. Àwọn ọmọdé ń fi kóró rẹ̀ ṣeré, lọmọ mi bá fọ́ ọ̀kan, ó jẹ inú rẹ̀.

Ìyá mi rọ epo fún un. Ó bì, ó sì dákẹ́. A ní ara ti tù ú. Èmi gan-an ló dá wa dúró. Ọdẹ ni bàbá mi, ìṣá, oró igi kan, ló ń fi sórí ọfà, a sì máa ń jẹ ẹran tó bá fi pa. Mo ní bí ìṣá ò bá pa wá, kí ni kóró kan fẹ́ ṣe? Ẹ wo ọgbọ́n òdì! Dókítà ní ẹbí kan náà ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfun kì í fi bẹ́ẹ̀ gba oró ìṣá wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń jà. Ti olómi-òjò ń gba ẹnu wọlé dáadáa.

Nírọ̀lẹ́ mo di ọrùn ọwọ́ ọmọ mú. Ó ń lù, ó ń lù, ó dúró, bí onílù tó bẹ̀rẹ̀ ṣa owó nílẹ̀. Sẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò, la gùn lọ sí ọsibítù.

Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi rèé. Sẹ́ẹ̀lì ẹran ọkàn kọ̀ọ̀kan ní ohun kan bí ẹ̀rọ afami, tó ń ti èròjà sódíọ̀mù 3 jáde, tó ń fa èròjà pòtásíọ̀mù 2 wọlé. Òun ni kì í jẹ́ kí iná inú sẹ́ẹ̀lì kú: bí ọkàn bá sinmi, inú fi nǹkan bíi mílífóòtì 90 (òṣùwọ̀n iná tó kéré) rẹlẹ̀ sí ìta. Oró yìí á ti ẹ̀rọ náà pa. Sódíọ̀mù á kún inú, èròjà kálísíọ̀mù tó yẹ kó jáde á há síbẹ̀, pòtásíọ̀mù á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Iná tó ń ti òkè ọkàn bọ̀ nísàlẹ̀ á wá máa já lọ́nà. Torí pòtásíọ̀mù yẹn ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí èmi ń kùn pé owó ni wọ́n ń wá.

Wọ́n fún un ní èédú oògùn ọsibítù tí wọ́n pò mọ́ omi, wọ́n gún un ní atropine, oògùn tó ń mú ọkàn tó ń falẹ̀ yára, wáyà tó ń ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù wà láyà rẹ̀ fún ọjọ́ 4. Epo ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, àfi wákàtí 3 tó gbà lọ́wọ́ wa.

Tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má fipá mú ọmọ bì, ẹ gbéra. Ẹ mú ewé àti èso rẹ̀ dání. Èyí tí mo sọ sápò ṣòkòtò ni wọ́n fi mọ ohun tí wọ́n ń bá jà.