Kó o tó ra fẹ́ǹsì tuntun fún ayùn tábìlì rẹ

Àbúrò mi, o ní pákó ń há mọ́ ayùn tábìlì rẹ, etí rẹ̀ ń jó dúdú, iye tí o fi fẹ́ǹsì (irin gígùn tí pákó ń fara tì bí o bá ń là á) sí lórí rúlà kì í sì í ṣe ohun tó ń jáde. O wá ń bèèrè bóyá kí o ra fẹ́ǹsì tuntun. Má tíì náwó.

Èmi ra ayùn tábìlì tòkunbọ̀ kan sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Láfẹ́nwá níbí. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀ńjíníà wá, kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì rárá. Ó fi ìka rẹ̀ mi bíléèdì, ó ní, "Ọ̀gá, bíléèdì yín ti kú." Mo ra òmíràn, ó gbowó iṣẹ́ lọ. Ìrókò tí mo kọ́kọ́ tì sí i fò padà, ó bà mí ní ìsàlẹ̀ ikùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìdọ̀tí pákó, ohùn ò jáde lẹ́nu mi. Mo pè é, ó ní igi tutù ni! Igi tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Eyín iwájú bíléèdì, níbi tí o dúró sí, ń lọ sísàlẹ̀, eyín ẹ̀yìn ń bọ̀ lókè. Bí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì bá sún mọ́ bíléèdì ju iwájú lọ, pákó á há, eyín ẹ̀yìn á gbé e, á sì jù ú lu ẹni tó ń tì í. Bíléèdì ínǹṣì 10 tó ń yí nígbà 4,000 níṣẹ́jú kan, eyín rẹ̀ ń sáré ju 180 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Nítorí náà má dúró gbọnrangandan sẹ́yìn pákó láéláé.

Yọ wáyà kúrò lára iná. Kì í ṣe kó o pa á nìkan o, iná ò ní ké sí ọ kó tó dé.

Kòtò tóóró tí gééjì (irin tí a fi ń ti pákó bí a bá ń gé e níbùú) ń rìn nínú rẹ̀ lórí tábìlì ni kí o fi wọn gbogbo nǹkan. Bíléèdì ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n. Sàmì sí eyín kan, ti skwíà, irin onígun tí káfíńtà fi ń wọn igun, mọ́ kòtò, kí ẹnu rẹ̀ kan eyín náà níwájú. Yí bíléèdì kí eyín yẹn dé ẹ̀yìn, fa skwíà tẹ̀lé e. Eyín kan náà o, torí bíléèdì fúnra rẹ̀ lè wọ́. Bí kò bá bára mu, dẹ bóòtù abẹ́ tábìlì tó di irin tó gbé bíléèdì mú, fi òòlù onígi gbá irin náà jẹ́jẹ́. Ìgbà tí o bá ń dì í padà ló máa ń yà, nítorí náà máa dì í díẹ̀díẹ̀, kí o máa wọ̀n.

Fẹ́ǹsì ò le ní tiẹ̀: dẹ bóòtù orí rẹ̀, tò ó mọ́ kòtò, dì í. Èmi máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ìnípọn bébà A4 kan jìnnà sí bíléèdì ju iwájú lọ, bíi 0.1 mílímítà.

Irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn bíléèdì tí àwọn ọmọṣẹ́ ń yọ sọnù, dá a padà. Òun ni kì í jẹ́ kí pákó pa ẹnu dé. Má wọ ìbọ̀wọ́. Bo imú rẹ fún eruku ìrókò.

Rúlà ńkọ́? La pákó àlòkù kan, fi téèpù wọ̀n ọ́n, sún àmì rúlà síbẹ̀. Bí o bá pààrọ̀ bíléèdì sí èyí tó nípọn jù, tún un wọ̀n. Àfi tí irin fẹ́ǹsì bá ti tẹ̀ láàárín ni kí o ra òmíràn.