Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Àìnífaradà Ló Ń Ṣe Àwọn Òṣìṣẹ́ Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni mò ń darí. Láàárín oṣù mẹ́fà, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ti fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni fi rọ́pò wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akáǹtáǹtì wa bú sẹ́kún láàárín ìpàdé. Ó jọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò nífaradà. Olùkọ́ kan ní òun á fi ọjọ́ kan dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ kí ọkàn wọn lè le, àti pé òun á kọ́kọ́ ṣèdánwò fún wọn ká lè mọ àwọn tí ọkàn wọn ò gbé e. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ má gbà fún un, àgàgà ìdánwò yẹn.

Irú ìbéèrè yìí ò yéé dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo ọ̀gá ló fẹ́ mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe máa fara da iṣẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí èyí tó béèrè ohun tó fà á tí iṣẹ́ náà fi gba ìfaradà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ti dá ara yín lóhùn: ẹni mẹ́ta lọ, kò sẹ́ni tó rọ́pò wọn. Ta ló wá ń ṣe iṣẹ́ wọn? Bóyá akáǹtáǹtì yẹn wà níbẹ̀.

Èrò kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ lé kúrò lọ́kàn pátápátá: pé ìfaradà jẹ́ ohun kan tí Ọlọ́run fún lágbájá, tí kò fún tàmẹ̀dò, tí olùkọ́ sì lè wá bu kún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. Irọ́ ni. Ẹni tó ń yọ̀ wá síbi iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá lè dẹni tí àyà rẹ̀ ń já láti ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè nítorí Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Ìwà rẹ̀ ò yí padà, ipò tó ti ń ṣiṣẹ́ ló yí padà. Láti ọdún 1979 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Karasek ti kọ̀wé pé iṣẹ́ tó ń béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, àmọ́ tí kò fún un láṣẹ láti pinnu bó ṣe máa ṣe é, òun ló ń ni ọkàn lára jù. Ẹ bi ara yín léèrè: nígbà tí iṣẹ́ àwọn tó lọ bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù, ta ló bi wọ́n bóyá ó máa ṣeé ṣe?

Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbéni dé ni wọ́n ń pè ní burnout. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣàlàyé rẹ̀ nínú ICD-11, ìyẹn ìwé tí wọ́n to àwọn àrùn sí, ṣùgbọ́n wọn ò pè é ní àrùn. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tó ti pẹ́, tí wọn ò sì bójú tó bó ṣe yẹ, ló ń yọrí sí i. Okun á tán nínú òṣìṣẹ́, iṣẹ́ á sú u, iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń ká tẹ́lẹ̀ ò sì ní fẹ́ ká a mọ́. Ẹ tún ibẹ̀ kà dáadáa. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n tọ́ka sí, wọn ò sọ pé ọmọ ìsinsìnyí ló ń fà á.

Lọ́dún 2021, àjọ náà àti ILO, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, gbé ìwádìí jáde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ wà nínú ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tó fi ìdá 35 nínú 100 pọ̀ ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ìfaradà wo ló fẹ́ dènà ìyẹn? Ẹni tó lè fara dà á gan-an ló máa ń pẹ́ jù nínú ewu náà.

Mi ò sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ò wúlò o. Ó wà nínú ìlànà tí WHO gbé jáde lọ́dún 2022, àmọ́ títún iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀, dídá àwọn ọ̀gá lẹ́kọ̀ọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Ní ti ìdánwò, ẹni tí ẹ bá ti lẹ orúkọ “kò gbé e” mọ́ lára, ẹ máa rántí lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé èèyàn ga. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ní sòótọ́ fún yín mọ́ láé. Òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló tún dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìlera òṣìṣẹ́, torí náà ẹ bi lọ́yà yín.

Ẹ pe akáǹtáǹtì yẹn síkọ̀kọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí: “Mo rí i pé o ò jáde jẹun ọ̀sán mọ́, ìwọ lo sì ń gbẹ̀yìn kúrò lọ́fíìsì. Kí ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn?” Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ má sọ fún un pé nǹkan le fún gbogbo èèyàn. Tó bá sọ tán, ẹ bi í pé: “Èwo la lè gbé kúrò lọ́rùn ẹ lọ́sẹ̀ yìí?” Kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò lóòótọ́.

Mi ò lè ti inú lẹ́tà sọ bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó nílò ìtọ́jú ló ń ṣe é. Tí inú rẹ̀ bá ti bà jẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí kò rí oorun sùn, tí ohunkóhun ò dùn mọ́ ọn mọ́, ó ti kọjá agbára yín, dókítà ló kàn. Tó bá sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kọ́ ló máa fi sí i lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Owó olùkọ́ yẹn, ẹ fi gba èèyàn kan sẹ́nu iṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn mẹ́ta tó lọ síwèé, iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti ẹni tó wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ tí ẹ ò bá rẹ́ni gbé fún, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ sì sọ fún oníbàárà pé ó máa pẹ́.