Agbẹjọ́rò Tó Wọ Kákí: Ẹjọ́ Ta Ni Ó Ń Rò?

Ìbéèrè náà wá láti agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ wọn jáde ní Law School, ó fẹ́ wọṣẹ́ ológun ojú omi gẹ́gẹ́ bíi lọ́yà. Bàbá àgbà ilé ní, "Agbẹjọ́rò tí ọ̀gá ń pàṣẹ fún, ẹjọ́ ta ni yóò máa rò?" Wọ́n wá fẹ́ mọ ìtumọ̀ "agbẹjọ́rò" látìdí, àti bóyá òwe tí àwọn àgbà ń pa pé "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni" ń wọ ẹnu géètì bárékè.

Bàbá kò ṣàwàdà o. Ohun tí wọ́n bi léèrè yẹn ti da àwọn aṣòfin láàmú láti ayé àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà ná. A, gbà, ẹjọ́, rò: ẹni tó gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́ kí ó lè bá a rò ó. Nígbà tí "gbà" wọnú "ẹjọ́", ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ pòórá, "gbẹ" sì dúró lórí ohùn àárín. "Agbẹ́jọ́" inú òwe yàtọ̀. "Gbọ́" ni tiẹ̀, ohùn òkè "gbọ́" ló sì bọ́ sórí "ẹ" yẹn, bó ṣe rí nínú "ìgbẹ́jọ́". Àmì kan ṣoṣo ló ya ẹni tó ń gba ẹjọ́ ẹni rò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó jókòó láti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá kọ "agbẹ́jọ́rò" sórí pátákó ọ́fíìsì rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sórí àga onídàájọ́ láìmọ̀. "Àgbà" inú òwe náà kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, olórí àwọn òṣìkà ló ń sọ: ẹni tó gbọ́ ti ẹnì kan, tó sì ti dájọ́ kí ẹnìkejì tó lanu.

Bí a bá fi àmì ohùn yẹn sọ́kàn, ìtàn lọ́yà nínú iṣẹ́ ológun kò ní ṣòro láti tẹ̀ lé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún ni ọba ti ní ẹni tí wọ́n ń pè ní Judge Advocate General. Bí ìgbìmọ̀ ọ̀gágun bá jókòó láti dá sójà lẹ́jọ́, Judge Advocate ló ń pẹjọ́ lórúkọ ọba. Òun náà ló ń sọ fún ìgbìmọ̀ ohun tí òfin wí. Òun náà ni wọ́n tún ní kí ó máa wò ó kí wọ́n má rẹ́ olùjẹ́jọ́ jẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùjẹ́jọ́ kò ní lọ́yà kankan tó lè dìde sọ̀rọ̀ fún un. Ó gbà á, ó gbọ́ ọ, ó tún fẹ́ rò ó fún ẹni tó ń pè lẹ́jọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà gba àṣà yìí bó ṣe wà: ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1775 ni wọ́n yan William Tudor, lọ́yà ará Boston tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ John Adams, sí ipò náà nínú ẹgbẹ́ ogun George Washington. Ọjọ́ yẹn ni àwọn lọ́yà ológun ibẹ̀ ṣì ń kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ wọn.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó tú u palẹ̀. Ní 1948 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ ìpẹ̀jọ́ fún ẹ̀ka òfin tó dá dúró nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, tí Judge Advocate fi kúrò nídìí rẹ̀. Òfin 1950 ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, fi lọ́yà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìgbìmọ̀ láti máa darí ọ̀rọ̀ òfin nìkan. Òfin 1968 ló wá sọ ọ́ di adájọ́ ní kíkún. Síbẹ̀, ní 1997, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ṣì dá Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi nínú ẹjọ́ sójà kan tó ń jẹ́ Findlay, tó ti jagun ní Falklands. Ọ̀gágun kan náà ló pe ìgbìmọ̀ jọ, ló yan àwọn tó jókòó níbẹ̀ àti ẹni tó pẹjọ́, òun kan náà ló sì tún máa fọwọ́ sí ìdájọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe Judge Advocate ní "adájọ́" nígbà tí ẹ bá ń túmọ̀ ìròyìn. Nílẹ̀ wa, kì í dájọ́, kì í sì í gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò. Agbanimọ̀ràn òfin fún ìgbìmọ̀ ni, kò sì ní ìbò.

Ní Èkó, sójà ṣáájú lọ́yà dúdú dé. Àwọn Háúsá tí Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, kó jọ ti ń gbé ìbọn kiri ìlú láti àwọn ọdún 1860. Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, gba oyè ní London ní 1879, oṣù Kìíní 1888 ni wọ́n sì tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ Èkó. Àwọn méjèèjì kì í sáàbà pàdé. Ọ̀gágun òyìnbó ló ń dá sójà lẹ́jọ́, lọ́yà sì ń bá tirẹ̀ lọ ní Tinúbú. Àwọn ọmọ wa tó lọ sí Burma, tí orúkọ ojú ogun wọn wà lára Myohaung Barracks ní Yábàá àti Arakan Barracks ní Àpápá títí dòní, abẹ́ òfin òyìnbó yẹn ni wọ́n jagun. Òfin ọmọ ogun ilẹ̀ ti 1960, inú ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fà á yọ. Ti ojú omi àti ti òfuurufú tẹ̀ lé e ní 1964. Òfin ológun karùndínláàádọ́fà, ìyẹn Decree 105 ti 1993, ló da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Òun là ń pè ní Armed Forces Act báyìí.

Ẹ má kó èyí pọ̀ mọ́ tribunal 1984, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀, tí àwọn àgbà Èkó ṣì ń sọ. Àwọn olóṣèlú, tí kì í ṣe sójà, ni wọ́n fà lọ síwájú àwọn yẹn lábẹ́ Decree 3, olùjẹ́jọ́ ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò jẹ̀bi. Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má yọjú. Gani Fawehinmi lọ, ẹgbẹ́ sì fìyà jẹ ẹ́.

Ó kù kí a wọ bárékè. Ọ̀nà méjì ni ẹjọ́ ń gbà níbẹ̀. Èkínní ni orderly room, níwájú ọ̀gá ẹ̀ka. Bí ẹ bá gbọ́ tí ará Ojo Cantonment sọ pé "wọ́n ti máàṣì ẹ̀", ohun tó ń sọ nìyẹn. Wọ́n á bọ́ fìlà àti bẹ́líìtì olùjẹ́jọ́, wọ́n á mú un wọlé pẹ̀lú ìró bàtà, wọ́n á ka ẹ̀sùn, wọ́n á gbọ́ ẹlẹ́rìí, wọ́n á ní kí òun náà sọ tirẹ̀. Lọ́yà kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òwe wa wọlé dé ìwọ̀n kan: wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹnu ẹni méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ náà ni ọ̀gá tí iṣẹ́ ẹ̀ka wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì ni court martial, ìyẹn ìgbìmọ̀ ọ̀gágun tó ń jókòó bí ilé ẹjọ́, ibẹ̀ ni lọ́yà ti ríṣẹ́ ṣe. Oríṣi méjì ni. Ti gbogbogbòò ní alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́rin. Ti àkànṣe ní alága àti méjì, ó kéré tán. Oríṣi méjèèjì tún ní ọmọ ìgbìmọ̀ kan tó wà ní ìmúrasílẹ̀, ọ̀gágun alárinà kan, àti Judge Advocate. Ọmọ ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe ọ̀gágun fún ọdún 5 ó kéré tán. Bí olùjẹ́jọ́ bá jẹ́ ọ̀gágun, alága kò gbọ́dọ̀ kéré sí i ní ipò, àwọn tó kù náà kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí i ní ipò tàbí ní ìgbà tí wọ́n gba ipò náà.

Ibí gan-an ni ẹjọ́ ti máa ń bàjẹ́. Méjì lè jẹ́ Major lóòótọ́, kí ọ̀kan ti gba ipò náà ṣáájú ìkejì pẹ̀lú oṣù mẹ́ta péré. Bí ẹni tó gbà á lẹ́yìn bá jókòó láti dá ẹni tó ṣáájú lẹ́jọ́, ìdí ìgbìmọ̀ ti fọ́ nìyẹn, bó ti wù kí ẹ̀rí lágbára tó. Nítorí náà, ìwé tó pe ìgbìmọ̀ jọ ni lọ́yà tó mọṣẹ́ ń kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe ìwé ẹ̀sùn. Ó máa wò ó bóyá ẹni tó buwọ́ lù ú ní àṣẹ láti pè é. Lẹ́yìn náà ni yóò wo orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gba ipò. Yóò tún wá a bóyá ọ̀gá olùjẹ́jọ́ tàbí ẹni tó ṣe ìwádìí ẹ̀sùn náà wà láàárín wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ bi olùjẹ́jọ́ léèrè bóyá ó kọ ẹnikẹ́ni nínú wọn kí wọ́n tó búra. Ẹni tó bá dákẹ́ nígbà yẹn, tó wá pariwo lẹ́yìn ìdájọ́, ti jẹ́ kí ọ̀bẹ wọlé kí ó tó na ọwọ́.

Olùjẹ́jọ́ lè mú lọ́yà tó wù ú, ti ológun tàbí ti ìgboro. Apá 36 ìwé òfin 1999 ló fún un. Bí ìgbìmọ̀ bá sì ti sọ ìdájọ́, kò tíì di ìdájọ́ títí aláṣẹ ológun yóò fi fọwọ́ sí i. Aláṣẹ yẹn lè dín in kù. Sójà 54 ni wọ́n dájọ́ ikú fún ní Àbújá ní oṣù Kejìlá 2014 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, pẹ̀lú Femi Falana tó dúró fún wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ọmọ ogun sọ ìdájọ́ ikú sójà 66 lápapọ̀ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn yóò tọrọ àyè lọ́dọ̀ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn láàárín ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìkéde ìdájọ́. Ti ikú, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni. Ó dùn mí pé àwọn ẹbí máa ń fi àwọn ọjọ́ yẹn wá ẹni tó mọ ọ̀gágun kiri dípò kí wọ́n wá ẹni tó mọ òfin.

Ìdáhùn bàbá wá rèé. Àga tí wọ́n bá fi ọmọ náà sí lọ́jọ́ yẹn ló máa sọ ẹjọ́ ta ni yóò rò. Bí ó bá jẹ́ olùpẹ̀jọ́, ti iṣẹ́ ológun ni. Bí wọ́n bá yàn án láti gbèjà olùjẹ́jọ́, ti olùjẹ́jọ́ ni, àṣírí tí onítọ̀hún bá sì sọ fún un kò gbọ́dọ̀ dé etí ọ̀gá kankan. Bí ó bá jẹ́ Judge Advocate, kò ní gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò rárá. Lọ́pọ̀ ọjọ́, kò ní rí kóòtù: yóò máa yẹ ìwé àdéhùn wò, yóò máa sọ fún ọ̀gágun ohun tí òfin ogun gbà. Ìwé àdéhùn àgbáyé ti 1977 ní kí ọmọ ogun gbogbo ní irú agbanimọ̀ràn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba Gowon ti pín ìlànà ìwà lójú ogun fún sójà tiwa láti 1967.

Ìlànà iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí wọ́n ṣe ní 2007 pàápàá ti mọ̀ pé ipò yìí ta kókó. Ó ní ọ̀gágun tó jẹ́ lọ́yà lè dúró níwájú court martial, kìkì tó bá jẹ́ pé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun ló ṣe dúró, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí lọ́yà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní rí wíìgì lórí rẹ̀ níbẹ̀. Kákí ni.

Kí ẹbí sì tètè mọ̀: ìwé òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀, títí kan ológun, ṣe iṣẹ́ aládàáni kankan mọ́ ọn, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń retí pé kí ó wá bá wọn rò ní kóòtù Ìkẹjà, kí wọ́n yáa wá lọ́yà mìíràn fún un. Bí wọ́n bá ní oko, ìyẹn ló lè bá wọn ro.