Pọ̀nmọ́ ò lè gbé ẹsẹ̀ màmá dúró

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ yé mi: ẹni ọdún 74 ni wọ́n, ní Ìkẹ́rẹ́, nǹkan bíi 60 kílò. Wọn ò lè dìde lórí àpótí mọ́ àfi tí wọ́n bá di ògiri mú, ẹnì kan sì ní kí ẹ ra ìyẹ̀fun àmínò ásíìdì inú ike fún wọn. Ẹ má tíì rà á. Abọ́ oúnjẹ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àmínò ásíìdì ni àwọn ẹyọ tó para pọ̀ di purotéènì. Nínú àwọn tí ara fi ń ṣe ẹran ara, mẹ́sàn-án wà tí ara ò lè dá ṣe, àfi ká jẹ ẹ́. Leucine wà lára wọn, òun ló ń pàṣẹ fún iṣan pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ọjọ́ orí bá ti lọ, etí iṣan a máa di sí àṣẹ yẹn. Ìwọ̀nba tó ń tó ọ̀dọ́ kì í tó àgbà mọ́. Àgbà nílò leucine bíi gíráàmù 2.5 sí 3 lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì wà nínú nǹkan bíi gíráàmù 25 sí 30 purotéènì tó dára. Láàárọ̀ ṣúlẹ̀, purotéènì gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ni. Fún màmá, 60 sí 72 nìyẹn, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí wọ́n bá jẹ díẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n jẹ díẹ̀ lọ́sàn-án, tí wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sí alẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni iṣan gbọ́ àṣẹ.

Ẹ wá wo bí àgbà ṣe ń jẹun lọ́dọ̀ wa. Ògì oníṣúgà láàárọ̀, iyán lálẹ́. N ò ní bá ọmọ Èkìtì jà lórí iyán, ṣùgbọ́n iyán tó wọn gíráàmù 400 ò fún wọn ju nǹkan bíi gíráàmù 6 purotéènì lọ. Inú ọbẹ̀ ló yẹ kí ìyókù wà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì wà. Pọ̀nmọ́ ló kún inú ọbẹ̀ àwọn àgbà, torí pé ó rọ̀ fún eyín. Awọ ni pọ̀nmọ́. Purotéènì inú rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tryptophan, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá, leucine rẹ̀ náà sì kéré. Omi egungun náà ò yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ pọ̀nmọ́ wọn, kò burú, ẹ má ṣáà kà á mọ́ ẹran.

Èkejì ni pé àgbà kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní àjẹìwẹ̀yìn. Ẹran tí ẹ bù fún màmá, ọmọọmọ ló máa jẹ ẹ́. Ẹ bu tàwọn ọmọ sọ́tọ̀ kí màmá tó jókòó, kí wọ́n sì ti rí i pé ó tó wọn.

Láàárọ̀: ògì, ẹyin méjì (gíráàmù 12), síbí ìjẹun méjì mílíìkì lẹ́búlẹ́bú (bíi 4), àti síbí kan tó kún dáadáa nínú ìyẹ̀fun sóyà (bíi 4). Ó ti ń súnmọ́ ibi tí à ń lọ. Lọ́sàn-án: ẹ̀wà sísè bíi gíráàmù 250 máa fún wọn ní bíi 19, ẹ fi ẹja Titus díẹ̀ sí i. Àdàlú dára jù, torí pé lysine tí àgbàdo ò ní tó wà nínú ẹ̀wà, methionine tí ẹ̀wà ò ní tó sì wà nínú àgbàdo; àwọn méjèèjì wà lára mẹ́sàn-án yẹn. Tí eyín ò bá sí mọ́, ọ̀ọ̀lẹ̀ tó ní ẹyin àti ẹja nínú kì í fìyà jẹ ẹnu. Lálẹ́: kí iyán kéré, kí ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ pọ̀, gíráàmù 70 ó kéré tán, nínú ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí. Ìgbín náà dára, àmọ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́.

Tí wọ́n bá ń ráhùn pé ẹ̀wà ń wú inú wọn, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ bó èèpo rẹ̀. Ní ti sóyà, ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún 30 ìṣẹ́jú kí ẹ tó bó o, kí ẹ tó sá a, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Sóyà tútù ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí ikùn da purotéènì, ooru ló ń pa á. Tí ẹ bá máa yan án, ẹ má jẹ́ kó dúdú. Lysine ló ń jóná níbẹ̀.

Wàyí o, ìyẹ̀fun inú ike. Ẹ ka ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ BCAA ni wọ́n kọ síbẹ̀, mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: leucine, isoleucine àti valine. Àṣẹ dé, ohun èlò ò dé. EAA ló ní mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kódà òun náà, ẹni tí ò lè jẹun tó nìkan ni mo máa ń sọ pé kó rà á: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, ẹni tí oúnjẹ ń rùn sí. Gíráàmù 10 nínú omi, láàárín oúnjẹ méjì. Ó korò. Tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Oúnjẹ nìkan ò sì lè ṣe é. Àpótí ti kúrú jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àga gíga ti ògiri, kí màmá ká ọwọ́ sí àyà, kí wọ́n dìde kí wọ́n sì jókòó lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ fi fóònù ka àkókò rẹ̀. Tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, tàbí tí wọn ò lè ṣe é láìfọwọ́tì, iṣan ẹsẹ̀ ti rọ nìyẹn. Kí wọ́n máa dìde lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é, ìpele mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ fi ìrọ̀rí sórí àga tó bá ṣòro, ẹ yọ ọ́ tó bá ti rọrùn, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n máa di ìgò omi mú. Kí wọ́n máa mí síta bí wọ́n bá ń dìde, ẹni tó bá sé èémí ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Rírìn lọ sọ́jà dára fún ọkàn, kò ṣe iṣẹ́ yìí.

Tí ibà bá dá wọn dùbúlẹ̀, ẹ gbé wọn jókòó jẹun. Ọjọ́ 10 lórí bẹ́ẹ̀dì lè jẹ tó kílò kan lára ẹran ẹsẹ̀ àgbà tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó fi kún purotéènì wọn, ẹ lọ yẹ kíndìnrín wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní creatinine ni kí ẹ béèrè. Tí kíndìnrín bá ti ń ṣàìsàn, gbogbo iye tí mo kọ yìí ò kàn wọ́n, dókítà ni kó sọ tiwọn. Ẹni tó bá ń lo levodopa náà, ìyẹn oògùn àrùn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, kó lò ó ní 30 ìṣẹ́jú kó tó jẹun, torí purotéènì máa ń bá oògùn yẹn du ọ̀nà. Tó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ló rọ lójijì, tàbí ẹnu wọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ oúnjẹ tì, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù ìkọ́ni ní Adó tàbí Ìdó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.