Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ká Gún Abẹ́rẹ́ Ká Máa Lọ

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá wa, wọ́n wá kọ owó ẹni tó máa gún wọn ní abẹ́rẹ́ oorun sọ́tọ̀. Ṣé nọ́ọ̀sì ò lè bá wa gún un ni? Ẹ̀rù sì ń bà wá kí wọ́n má lọ sùn lọ.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ owó, ẹ bi ilé ìwòsàn yín. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ akunnilóorun wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. "Bá wa gún un" yẹn ló ń bí mi nínú.

Kì í ṣe oorun. Ẹni tó sùn, ẹ fi abẹ́rẹ́ kàn án wò, kíá ló máa fò dìde. Propofol, oògùn kan tó funfun bíi wàrà, kì í tó ìṣẹ́jú kan tí ojú èèyàn á fi pa dé. Àmọ́ bí ìṣẹ́jú 5 sí 10 ni agbára rẹ̀ fi ń lọ. Bí mo bá gún un tí mo bá tèmi lọ, ìyá yín á lajú lórí tábìlì!

Oògùn mìíràn wà tó ń mú kí iṣan ara dẹ̀. Bó bá ti wọlé, àyà ò gbéra mọ́. Èmi akunnilóorun ni mo máa ki rọ́bà sí ọ̀nà èémí wọn kí ẹ̀rọ lè máa mí fún wọn. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa wà títí wọ́n á fi jí. Ẹ̀rọ kan á máa dún píì, píì. Bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá ń dínkù, ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀, etí mi á ti gbọ́ kí ojú mi tó débẹ̀.

Mi ò rí ìyá yín, mi ò lè ṣèlérí kankan. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, tó ń mú ìsàlẹ̀ ara kú tipiri, ni wọ́n máa lò, kí ìyá máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ má parọ́ oúnjẹ. Bàbá kan búra fún mi rí pé òun ò fẹnu kan nǹkan kan. A ò tíì ki rọ́bà tí oúnjẹ fi ń tú jáde. Ẹni tí oògùn ti gbé lọ ò lè wúkọ́, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èébì ń gbà lọ, ó sì lè pa á. A rí tiwọn fà jáde lásìkò. Ó kéré tán, wákàtí 6 fún oúnjẹ, 2 fún omi lásán. Bí ti ilé ìwòsàn yín bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiwọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Bí wọ́n bá sì béèrè bóyá eyín ìyá kan ń mì, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni rọ́bà máa gbà kọjá.